Hilux àtijọ́: bíréèkì ń lọ sísàlẹ̀ kó tó mú, bẹ́ẹ̀ a ti pààrọ̀ páàdì iwájú

Àgbẹ̀ Ṣakí

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Hilux ọdún 1994 ni mò ń lò. Dísù ló ń mu, dísìkì (irin pẹrẹsẹ tí páàdì ń fún mọ́) wà níwájú, dírọ́ọ̀mù (irin bí ìkòkò tí ṣúù ń tì mọ́ inú rẹ̀) wà lẹ́yìn, kò ní ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há). Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni mo fi ń kó láti oko wá sí Ṣakí, mo sì máa ń gbé ẹrù dé Ìbàdàn nígbà mìíràn.

Bí mo bá tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ kó tó mú. Bí mo bá tún un tẹ̀ kíákíá, á gòkè, á sì mú dáadáa. Mẹkáníìkì mi ti pààrọ̀ páàdì iwájú, a bílíìdì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (a tú afẹ́fẹ́ inú ọ́ìlì bíréèkì jáde), kò yàtọ̀. Ó wá ní másítà sílíńdà, ìyẹn èyí tí pẹ́dà ń tì kó lè ti ọ́ìlì lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ló kù tí ká rà. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré lásìkò yìí, tòkunbọ̀ náà ò sì dá mi lójú. Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó náwó, ẹ bá mi wò ó.

Mẹkáníìkì Gate

Ọ̀gá mi, ẹ dá owó yẹn dúró ná. Bí bíréèkì ṣe ń ṣe lábẹ́ ẹsẹ̀ yín ló máa sọ ibi tí ìṣòro wà.

Bí pẹ́dà bá rọ̀ tó sì ń ta padà mọ́ ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ wà nínú páìpù. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí ẹ ò gbé ẹsẹ̀ kúrò, tó wá ń rọra wọlẹ̀ títí, tí kò sì sí ibì kankan tó ń jò níta, rọ́bà inú másítà sílíńdà ti jẹ; ọ́ìlì ń gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà kọjá padà sẹ́yìn. Bí pẹ́dà bá le gbagidi tí ọkọ̀ ò sì fẹ́ dúró, ẹ yẹ haidirofáàkì, ìyẹn èyí tó ń fi agbára kún ti ẹsẹ̀ yín, wò. Lára ẹ́ńjìnnì dísù bíi tiyín, pọ́ńpù kékeré tó wà lẹ́yìn alternator ló ń fa afẹ́fẹ́ fún haidirofáàkì, ẹ má gbàgbé òun náà àti hóòsì rẹ̀.

Èyí tí ẹ ń sọ yìí, tó ń lọ sílẹ̀ ní ìtẹ̀ kìíní, tó ń gòkè ní ìtẹ̀ kejì, ṣúù ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ṣúù ti jìnnà sí dírọ́ọ̀mù. Ọ́ìlì tí ìtẹ̀ kìíní tì lọ, títì ṣúù dé ara dírọ́ọ̀mù ló ná an tán. Ìtẹ̀ kejì ló wá ń fún un mọ́ra. Másítà tuntun ò lè wo èyí sàn.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò díẹ̀ fún wa. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí tó fi le, kí ẹ wá di ẹsẹ̀ mú lórí rẹ̀ bí ìṣẹ́jú kan: ṣé ó ń wọlẹ̀? Láìgbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ sitáàtì ẹ́ńjìnnì: ó yẹ kí pẹ́dà wọlẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fa háńdì bíréèkì, kí ẹ sọ ibi tó dé kó tó mú. Ẹ tún gbé iwájú sókè, ẹ fi ọwọ́ mì táyà lókè àti nísàlẹ̀. Bí bẹ́rìn bá ti ní ààyè, dísìkì á máa ti páàdì sẹ́yìn bí ọkọ̀ bá ń lọ, pẹ́dà á sì gùn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ìyá Oníplánkì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n mo ní píkọ́ọ̀pù tó ń kó pákó, mo sì ti rí ohun tí àwọn awakọ̀ ń ṣe lójú ọ̀nà. Bàbá Àgbẹ̀, ẹ bi ẹni tó bá yín bílíìdì léèrè ohun tó dà sínú ife ọ́ìlì bíréèkì. Mo ti rí ẹni tó da omi ọṣẹ sí i nígbà tí ọ́ìlì tán lọ́nà. Mo ti rí ẹni tó fi ọ́ìlì sítíárìn dípò rẹ̀. Èyí tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni kí wọ́n fi pẹtiróòlù fọ sílíńdà àti rọ́bà rẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà.

Kò sí èyí tó dáa nínú wọn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Mẹkáníìkì Gate

Ìyá wa ti sọ ọ́. Pẹtiróòlù, dísù, kẹrosíìnì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, gbogbo wọn ló ń mú rọ́bà bíréèkì wú. Rọ́bà tó wú á há sínú sílíńdà, bíréèkì ò ní lè tú padà, tàbí kí ètè rọ́bà náà ya. Bí ẹ bá ṣí ìdérí ife tí ẹ rí i pé rọ́bà abẹ́ ìdérí ti wú tó ti fẹ̀ ju ìdérí lọ, ẹnì kan ti da ohun tí kò yẹ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti kọjá bílíìdì. Ẹ máa pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí ọ́ìlì yẹn ti kàn, látòkè dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ sì máa fọ páìpù.

Ọ́ìlì bíréèkì tó mọ́ tàbí ọṣẹ àti omi la fi ń fọ rọ́bà àti inú sílíńdà. Bí ẹ bá lo omi, kí ó gbẹ pátápátá kí ẹ tó tò ó padà.

Àgbẹ̀ Ṣakí

Mo ti ṣe é. Pẹ́dà ò wọlẹ̀ nígbà tí mo di ẹsẹ̀ mú. Nígbà tí mo sitáàtì, ó wọlẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró. Táyà iwájú ò mì. Rọ́bà ìdérí ò wú, ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 la rà, inú agolo tuntun la ti dà á.

Háńdì bíréèkì ló kù. Mo fà á jáde títí dé òpin, kò mú. Kí n sọ òótọ́, a kì í lò ó. Òkúta la máa ń fi sábẹ́ táyà bí a bá páàkì sórí òkè.

Mẹkáníìkì Gate

Ó ti jáde báyìí. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé, torí ọ̀pọ̀ Hilux tó wà ní títì lónìí ló ní àìsàn yìí, páàdì iwájú ni wọ́n sì ń rà sí i.

Bí ṣúù bá ń jẹ, nǹkan kan gbọ́dọ̀ máa tì í jáde díẹ̀díẹ̀ kó má baà jìnnà sí dírọ́ọ̀mù. Nǹkan náà ni ajọ́sítà, irin kékeré tó ní wíńríndín (ìlà yíyí bíi ti bóòtù) lára, tó sì ní eyín yíká. Nínú àwọn Hilux àtijọ́ wọ̀nyí, háńdì bíréèkì ló ń yí ajọ́sítà yẹn. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fà á, tí ẹ sì tú u, ó lè yí eyín kan bí àlàfo bá ti pọ̀. Ẹni tí kì í fa háńdì bíréèkì, ṣúù ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ajọ́sì títí tí yóò fi jẹ tán.

Bí ẹ bá wò lẹ́yìn páńlù tí ṣúù dúró lé, níbi tí wáyà háńdì bíréèkì ti wọlé, ẹ óò rí irin títẹ̀ kékeré kan tí píìnì gba àárín rẹ̀ kọjá. Bell crank ni wọ́n ń pè é. Rọ́bà kékeré kan ló bo ẹnu rẹ̀. Nígbà tí rọ́bà yẹn bá ya, ẹrẹ̀ àti omi á wọlé, píìnì á dípẹtà, irin náà á sì gan. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ lè fa háńdì bíréèkì títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú dírọ́ọ̀mù. Ojú ọ̀nà oko tí ẹ ń gbà yẹn, kò ní yà mí lẹ́nu bí méjèèjì bá ti gan.

Ẹ fi òkúta tàbí igi há táyà iwájú, ẹ gbé ẹ̀yìn sókè, ẹ sì fi sítáǹdì sábẹ́ ákísù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan. Ẹ tú háńdì bíréèkì sílẹ̀ kí ẹ tó yọ dírọ́ọ̀mù. Bí dírọ́ọ̀mù bá kọ̀, ẹ má fi òòlù lù ú lẹ́tí, á sán. Ihò méjì oníwíńríndín wà lójú rẹ̀ fún bóòtù mílímítà 8, èyí tí sípánà 12 sábà máa ń tú. Ẹ wé bóòtù sí ihò méjèèjì, kí ẹ máa dì wọ́n ní ìdì kọ̀ọ̀kan, apá ọ̀tún, apá òsì, á bọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ tú apá kan tán kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì, kí ẹ lè máa wo èyí tí ẹ ò tíì tú. Ajọ́sítà apá ọ̀tún àti ti òsì kì í ṣe ọ̀kan náà, wíńríndín wọn yàtọ̀. Bí ẹ bá gbé wọn pààrọ̀ ara wọn, háńdì bíréèkì á máa fa ṣúù sẹ́yìn dípò kó máa tì í jáde.

Ọmọ Iṣẹ́ Ọjà Ọba

Ẹ kú ọgbọ́n, ọ̀gá. Mo fẹ́ béèrè: bí a bá rí ọ̀rá lára ṣúù ńkọ́? Ọ̀gá mi máa ń ní ká fi iná jó o, ká sì fi sáńdípépà ha á.

Mẹkáníìkì Gate

Àbúrò, kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí ọ́ìlì jíà, tó ki, sílì ákísù ló ń jò. Wá bíréédà kékeré (ihò tí ákísù fi ń mí) tó wà lórí ákísù náà, bí ẹrẹ̀ bá ti dí i, ooru inú ákísù á máa ti ọ́ìlì jáde gba ẹnu sílì, sílì tuntun tí o bá fi síbẹ̀ náà á tún jò. Bí ó bá fẹ́lẹ́ tí kò rùn bẹ́ẹ̀, rọ́bà wíìlì sílíńdà, ìyẹn sílíńdà kékeré tó ń ti ṣúù, ló jẹ. Ṣí ètè rọ́bà eruku rẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá rin gbindin nínú, kò dáa mọ́.

Ṣúù tí ọ̀rá ti wọ̀, kò sí iná tó lè yọ ọ́ tán. Bí o bá jó o, ojú rẹ̀ á gbẹ, ṣùgbọ́n ìgbà tí bíréèkì bá gbóná lọ́nà, ọ̀rá inú á tún yọ síta, ẹsẹ̀ yẹn ò sì ní mú bí èkejì. Apá méjèèjì la máa ń pààrọ̀ pọ̀, kì í ṣe ẹyọ kan.

Má ṣe fi ẹnu tàbí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fẹ́ eruku inú dírọ́ọ̀mù. Àwọn láínì àtijọ́ (ìyẹn ohun tó wà lójú ṣúù tó ń kan dírọ́ọ̀mù) ní asbestos nínú, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Fi omi rin ín, kí o fi àkísà tó tutù nù ún, kí o sọ àkísà náà nù.

Awakọ̀ Ẹ̀fọ̀n

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i nípa láínì. Àwọn kan ń kan láínì tuntun mọ́ ṣúù àtijọ́ ní ìsọ̀, ó sì dínwó. Mo ti lò ó, ó sì ṣiṣẹ́, bí ẹni tó kàn án bá mọ iṣẹ́, tí orí rífẹ́ẹ̀tì sì rì wọlẹ̀ dáadáa. Tòkunbọ̀ ṣúù ni mi ò lè dábàá fún ẹnikẹ́ni.

Mẹkáníìkì Gate

Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ ni mi ò ti bá yín lọ. Irin ṣúù tó ti lò tó ọgbọ̀n ọdún lè ti tẹ̀, láínì tuntun ò ní jókòó pẹrẹsẹ sára dírọ́ọ̀mù. Bí ọwọ́ bá tó o, kí wọ́n ra ṣúù tuntun. Bí kò bá tó o, ó dáa, kí wọ́n kàn án, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé dírọ́ọ̀mù lọ síbẹ̀ kí wọ́n fi wọn ọ́n lójú wọn. Kí wọ́n sì wo ara dírọ́ọ̀mù, ìwọ̀n fífẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá wà lára rẹ̀. Dísìkì iwájú náà ní ìwọ̀n tín-ín-rín tí kò gbọ́dọ̀ kọjá.

Awakọ̀ Ẹ̀fọ̀n

Mo gbà fún yín nípa wíwọ̀n. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá gan-an ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹni tó bá mọ òkè tó wà láàárín Erin-Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀fọ̀n Alààyè á mọ ohun tí mò ń sọ. Bàbá Àgbẹ̀, bí ẹ bá ń gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ ní irú ibẹ̀, tí ẹ̀yìn ò mú, iwájú nìkan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Á gbóná. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 3 tuntun kì í hó títí ooru á fi dé 205°C ó kéré tán, ṣùgbọ́n bí ó bá ti mu omi, 140°C péré lè mú un hó. Bí ó bá hó, atẹ́gùn ló kún páìpù, pẹ́dà á sì lọ sílẹ̀ gbuurugbu láìmú nǹkan kan.

Nítorí náà, ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní bí ọdún méjì méjì, kódà bí kò bá jò. Agolo tó ti wà ní ṣíṣí láti ọdún tó kọjá, ẹ má lò ó. DOT 4 lè rọ́pò DOT 3, ó sì ń fara da ooru jù ú lọ. DOT 5 kò bá wọn lò rárá, ẹ má dà á pọ̀. Bí ẹ bá dé orí òkè, ẹ kó sí jíà kékeré kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kì í ṣe ìgbà tí ọkọ̀ bá ti sáré.

Ará Peckham

Ẹ kú àtijọ́, ẹ̀yin ará ilé. Mò ń tún ọkọ̀ ṣe níhìn-ín ní London. Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó bá ń lo tòkunbọ̀: ní òtútù, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì níbí àti ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn ń jẹ páìpù bíréèkì onírin. Ẹ tẹ̀lé páìpù láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá níbi tí kílíìpù ti dì í mú mọ́ ṣasí, ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ ń dúró sí. Bí ẹ bá fi èékánná ha á tó ń ṣí bí èèpo, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó bẹ́.

Páìpù kọ́pà tí wọ́n ń lò fún firíìjì kọ́ ni kí ẹ fi rọ́pò, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n jó o pọ̀. Èyí tí wọ́n fi kọ́pà pò mọ́ nickel ṣe fún bíréèkì wà, kì í dípẹtà. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́po méjì bí ti àkọ́kọ́.

Àgbẹ̀ Ṣakí

Ẹ̀gbọ́n Gate, Ọlọ́run á máa bùkún yín. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ la bá a. Bell crank méjèèjì ti gan, ajọ́sítà ò yí. A yọ wọ́n, a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha píìnì, a fi gíríìsì sí i, a sì ra rọ́bà tuntun. Wíìlì sílíńdà apá òsì rin nínú, a pààrọ̀ méjèèjì àti ṣúù tuntun. Páìpù dáa. Ìtẹ̀ kìíní ló ń mú báyìí, òkè ló sì ń dúró sí.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ti yọ. Lánàá, òjò rọ̀, ọkọ̀ ṣófo, mo tẹ bíréèkì, ẹ̀yìn há lójijì, ìdí ọkọ̀ sì yà sí ẹ̀gbẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mẹkáníìkì Gate

Ẹ má sáré pẹ̀lú rẹ̀ títí a ó fi yanjú èyí. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn ò mú rárá ni kò jẹ́ kí ẹ rí i.

Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ wo òkè ákísù ẹ̀yìn. Fáàfù kan wà lára ṣasí tí irin gígùn kan ti ibẹ̀ wá so mọ́ ákísù. Fáàfù yẹn ló ń wọn ẹrù. Bí ẹrù bá wà, ṣasí á sún mọ́ ákísù, irin á ti fáàfù, ọ́ìlì púpọ̀ á lọ sẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, á dín in kù, torí ẹ̀yìn fúyẹ́, táyà rẹ̀ ò di ilẹ̀ mú, kò sì gbọ́dọ̀ há ṣáájú iwájú. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti so irin náà sókè tàbí fáàfù ti gan.

Ṣé wọ́n sì ti fi ewé kún sípíríǹgì ẹ̀yìn?

Àgbẹ̀ Ṣakí

Wáyà ni wọ́n fi dì í sókè mọ́ ṣasí! Ẹni tó ni ọkọ̀ ṣáájú mi ló ní láti ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, mo fi ewé méjì kún sípíríǹgì nítorí iṣu.

Mẹkáníìkì Gate

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Páàdì iwájú ni wọ́n ti ń mú látàárọ̀.

Ẹ tú wáyà yẹn, ẹ fi irin náà padà sí ipò rẹ̀ lórí ákísù. Ṣùgbọ́n ewé tí ẹ fi kún sípíríǹgì ti gbé ṣasí sókè. Fáàfù á máa rò pé ọkọ̀ ṣófo nígbà tí iṣu kún inú rẹ̀, ẹ̀yìn á sì máa rí ọ́ìlì díẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú ìyẹn ló mú kí ẹni àkọ́kọ́ fi wáyà dì í. Níbi tí irin ti so mọ́ ákísù, ààyè wà láti mú un gùn tàbí kúrú. Bí ẹ bá mú un gùn, ẹ̀yìn á lágbára sí i. Bí ẹ bá mú un kúrú, á dín kù. Ẹ sàmì sí ibi tó wà kí ẹ tó sún un, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa sún un. Níbi ìsọ̀ tó bá ní géèjì ni wọ́n ti lè wọn agbára ọ́ìlì iwájú àti ẹ̀yìn, ìyẹn ló dáa jù.

Bí kò bá sí géèjì, ẹ wá ojú ọ̀nà oko tó tẹ́jú, tí kò sí èèyàn, kí ọkọ̀ ṣófo. Ẹ rọra sáré, ẹ tẹ bíréèkì gidi, kí ẹnì kan dúró lókèèrè máa wo táyà. Iwájú ló gbọ́dọ̀ há ṣáájú. Bí ẹ̀yìn bá ṣáájú, ẹ dín in kù.

Ọmọ Iṣẹ́ Ọjà Ọba

Ọ̀gá, ṣé wọ́n máa tún bílíìdì?

Mẹkáníìkì Gate

Tí wọn ò bá tú páìpù, kò pọn dandan. Ṣùgbọ́n wíìlì sílíńdà tí wọ́n pààrọ̀ yẹn, èmi á tún bílíìdì ẹ̀yìn, torí nígbà tí ákísù bá rọ̀ sílẹ̀ lórí jáàkì, fáàfù yẹn máa ń dín ọ̀nà ọ́ìlì kù, afẹ́fẹ́ á sì kù sínú. Sábẹ́ ákísù gan-an ni kí sítáǹdì wà, tàbí kí ọkọ̀ dúró lórí táyà rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí páìpù rẹ̀ gùn jù la fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà èkejì rẹ̀ lẹ́yìn. Fáàfù náà ní níípù (ẹnu tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ jáde) tirẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í tú u. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ wá lọ síwájú. Ẹ má jẹ́ kí ife gbẹ lójú iṣẹ́. Bí ọ́ìlì bá sì ta sára ọ̀dà ọkọ̀, ẹ da omi sí i kíá, ó ń bó ọ̀dà.

Ìyá Oníplánkì

Mo ti ránṣẹ́ sí awakọ̀ mi kó lọ wo irin yẹn lára tiwa. Ó ní wáyà wà níbẹ̀. A ò ní gbé pákó lọ́la.

Àgbẹ̀ Ṣakí

A ti tú wáyà, a ti bílíìdì, ọ́ìlì dúdú jáde nínú níípù fáàfù yẹn pẹ̀lú afẹ́fẹ́. Iwájú ló ń há ṣáájú báyìí ní òfo. Ọ̀la ni mo máa gbé iṣu díẹ̀ dán an wò nítòsí, kì í ṣe Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n Gate, ṣé kí n tún ṣí dírọ́ọ̀mù lẹ́yìn tí ṣúù tuntun bá ti jókòó?

Mẹkáníìkì Gate

Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ wò ó bóyá wíìlì sílíńdà tuntun ń rin, ẹ tún nọ́ọ̀tì táyà dì. Láti òní lọ, bí ẹ bá ti páàkì, ẹ fa háńdì bíréèkì, kódà bí òkúta bá wà lábẹ́ táyà.